Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fẹ́ Kí Ẹ̀rọ Kọ́ Èdè Bí Ọmọ Ènìyàn

Ká ní àlejò kan dé ẹnu ọ̀nà ilé kan nílùú Kyoto, lórílẹ̀-èdè Jàpáànì, tó sì bá àkọlé yìí lára ògiri: ここではきものをぬぐ. Gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn kan. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ èdè Jàpáànì sílẹ̀. Lẹ́tà kan wà láàárín rẹ̀ tí a lè pè ní “ha” tàbí “wa”. Bí àlejò náà bá pè é ní “ha”, tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tó kà ni koko de hakimono o nugu: ibí ni à ń bọ́ bàtà sí. Bí ó bá pè é ní “wa”, tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, ohun tó kà ni koko de wa kimono o nugu: ibí ni à ń bọ́ aṣọ sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín ọmọlúàbí tó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé àti ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú onílé.

Ọmọ Jàpáànì kì í ṣi àkọlé ẹnu ọ̀nà yìí kà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bàtà kì í wọ inú ilé. Ojú rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń kàwé, àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bá a kà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi wọ bàtà, kò sì lọ kí ẹnikẹ́ni nílé rí. Báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè tó dà bí eré ọmọdé yìí wà lára ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Makoto Nagao fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1936 ni wọ́n bí Nagao ní agbègbè Mie. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó sì dàgbà sínú orílẹ̀-èdè tí ogun ti sọ ọ̀pọ̀ ìlú rẹ̀ di àlàpà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ló kọ́ ní Yunifásítì Kyoto, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1959, ó gba èkejì ní 1961, ó sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní 1973, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá wo irú ẹ̀kọ́ tó kà yóò rò pé rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ló gba ọkàn rẹ̀.

Àsìkò tó wọnú iṣẹ́ náà jẹ́ àsìkò ìlérí ńlá tó tẹ̀yìn wá di ìjákulẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1954, nílùú New York, Yunifásítì Georgetown àti ilé iṣẹ́ IBM fi han àwọn oníròyìn bí kọ̀ǹpútà ṣe túmọ̀ gbólóhùn tó lé ní 60 láti èdè Rọ́ṣíà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ 250 àti òfin gírámà mẹ́fà péré ni ẹ̀rọ náà mọ̀, síbẹ̀ àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ní ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ tí ẹ̀rọ yóò fi gba iṣẹ́ ògbufọ̀. Ọdún méjìlá kọjá, wọn kò rí i ṣe. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ALPAC, kọ ìròyìn pé ìtumọ̀ ẹ̀rọ kò yá tó ti ènìyàn, kò péye tó o, owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì. Owó ìwádìí gbẹ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún 1966 yẹn gan-an ni Nagao gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀.

Kí ló dé tí kò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe? Ìdáhùn wà nínú ipò tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà. Jàpáànì ń ṣe rédíò àti ọkọ̀ tó ń lọ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ rẹ̀ wà nínú èdè tí ìwọ̀nba àjèjì díẹ̀ ló lè kà. Bákan náà, ìmọ̀ tó ń jáde lóde ayé wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Orílẹ̀-èdè tí ògiri èdè yí ká lè dá ohun rere ṣe, kí ayé má mọ̀. Amẹ́ríkà lè pa iṣẹ́ ìtumọ̀ tì, nítorí pé èdè tirẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ń kọ́. Jàpáànì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kí a tó sọ pé ká túmọ̀, kíkọ èdè náà sínú ẹ̀rọ jẹ́ ìṣòro lọ́tọ̀. Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni àwọn ará Jàpáànì ń lò pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo: hiragana àti katakana, tí wọ́n dúró fún ìró, àti kanji tó ti Ṣáínà wá, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí ìlànà tó fún lẹ́tà kanji 6,349 ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Toshiba kéde JW-10, ẹ̀rọ ìkọ̀wé tó lè sọ ìró tí ènìyàn tẹ̀ di kanji tó tọ́. Mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé yen ni iye rẹ̀, ó sì tóbi tó tábìlì ọ́fíìsì.

Ìró kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá kò sì ṣàìmọ irú wàhálà yìí. Bí ènìyàn bá kọ “igba” sílẹ̀ láìsí àmì ohùn, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba owó ni, tàbí igbá tí wọ́n fi ń bu omi, tàbí ìgbà òjò? Ọ̀rọ̀ hashi lédè Jàpáànì lè jẹ́ afárá, ó lè jẹ́ igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, ó sì lè jẹ́ etí nǹkan. Ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nílùú Tokyo, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè tó wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀ igi ìjẹun. Nílùú Kyoto, ohùn yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí afárá. Ará ìlú méjì tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà lè gbé afárá fún ara wọn lórí tábìlì oúnjẹ. Irú èdè báyìí ni Nagao fẹ́ kí irin gbọ́.

Kì í ṣe èdè nìkan ló ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí Jàpáànì gba àlejò gbogbo ayé níbi Àfihàn Àgbáyé ní Osaka ní 1970, ibùdó kan wà tí àlejò ti lè jókòó síwájú kámẹ́rà, tí kọ̀ǹpútà yóò wo ojú rẹ̀, tí yóò sì sọ irú gbajúmọ̀ ènìyàn tó jọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Àwòrán ojú wọn kò lọ. Takeo Kanade, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí Nagao ti ń ṣiṣẹ́, fi àwòrán tó lé ní 800 ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá ojú ènìyàn mọ̀. Ìwádìí náà wà lára àwọn ìpìlẹ̀ ohun tó ń ṣí fóònù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Ṣáájú ìgbà náà, Nagao ti lọ sí Grenoble nílẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn onímọ̀ kan kò ti jẹ́ kí ìròyìn ALPAC pa iná ìtumọ̀ ẹ̀rọ.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, ní Grenoble àti níbi gbogbo, ni kí wọ́n kó òfin gírámà jọ fún ẹ̀rọ. Wọn yóò kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àti èyí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Òfin ń pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ tí kò tẹ̀ lé òfin sì ń pọ̀ jù ú lọ. Nagao wo bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé kì í fi òfin túmọ̀. Yóò rántí gbólóhùn kan tó ti rí rí, yóò wo èyí tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì fi èyí tó mọ̀ wọn èyí tí kò mọ̀. Ní 1981, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Faransé, ó dábàá pé kí ẹ̀rọ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1984.

Àpẹẹrẹ tó lò kò le rárá. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ènìyàn tó jẹ ewébẹ̀ àti ásíìdì tó jẹ irin. Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀: ènìyàn ń jẹ iyán, ìpata ń jẹ irin, kódà a ń jẹ oyè, a sì ń jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n lédè Jàpáànì, taberu ni ti oúnjẹ, okasu ni ti ásíìdì. Bí wọ́n bá fún ẹ̀rọ ní gbólóhùn tuntun pé ọkùnrin kan jẹ ọ̀dùnkún, yóò wá inú ohun tó ti mọ̀. Yóò rí i pé ọ̀dùnkún sún mọ́ ewébẹ̀ ju irin lọ, ọkùnrin sì jìnnà sí ásíìdì, yóò wá mú taberu. Kò sí òfin gírámà kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tó ti rí rí ló sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òfin gírámà ni aṣọ, ìrírí ni àkísà. Nagao rí i pé aṣọ nìkan ni wọ́n ń rán fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àpótí tí wọn yóò kó àkísà sí kò tíì sí: kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò ní ìrántí tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún gbólóhùn, ẹni tó sì ti tẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ kò pọ̀.

Nítorí náà, ní 1982, nígbà tí ìjọba Jàpáànì gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mu lé e lọ́wọ́, òfin ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tún padà sí. Títí di 1986 ni wọ́n fi ṣe é, kí àkópọ̀ ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì lè máa ti èdè Jàpáànì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ti Gẹ̀ẹ́sì sì máa bọ́ sí Jàpáànì. Àjọ tó ń bójú tó ìròyìn sáyẹ́ǹsì lórílẹ̀-èdè náà gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun èlò. Ó ṣòro fún ẹni tó ti rí ọ̀nà mìíràn lọ́kàn láti fi ọdún mẹ́rin gba ọ̀nà àtijọ́. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ ìwé ń dúró de ìtumọ̀, Nagao kò sì sọ pé àfi ìgbà tí àlá òun bá ṣẹ ni òun yóò tó ṣiṣẹ́.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ló jọ pé kò ní òkìkí rárá, síbẹ̀ òun ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun tó ní òkìkí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òun, Yuji Matsumoto, Sadao Kurohashi àti àwọn mìíràn ní Kyoto ṣe JUMAN, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé gbólóhùn èdè Jàpáànì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé atúmọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, ó sì ń díwọ̀n bí ó ṣe rọrùn tó kí ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ àkọlé ẹnu ọ̀nà ìsáájú, yóò gbé ọ̀nà méjèèjì yẹ̀ wò, yóò sì mú èyí tó fúyẹ́ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè gbà á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Kurohashi àti Nagao kó nǹkan bí 40,000 gbólóhùn jọ láti inú ìwé ìròyìn Mainichi ti ọdún 1995. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ gé wọn, ènìyàn sì jókòó tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, ọ̀rọ̀ tó gbára lé. Kò sí oníròyìn tó ń wá ya àwòrán ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Orúkọ rẹ̀ ṣáà ń ga. Ààrẹ Yunifásítì Kyoto ni láti 1997 sí 2003. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ èdè inú kọ̀ǹpútà fún un ní àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé ní 2003, ó gba Ẹ̀bùn Jàpáànì ní 2005, ó sì gba Oyè Àṣà láti ọwọ́ ọba ilẹ̀ rẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n ìjà tó le jù lọ nínú ayé rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́yìn tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún.

Ní 2007, wọ́n fi í ṣe olórí Ilé Ìkówèésí Ilé Aṣòfin, ibi tí òfin ní kí ẹ̀dà ìwé gbogbo tó bá jáde ní Jàpáànì máa wà. Ẹni tó ń gbé Tokyo lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kà wọ́n. Ẹni tó ń gbé erékùṣù tó jìnnà ńkọ́? Nagao ní kí wọ́n sọ ìwé di ti kọ̀ǹpútà, kí ará ìlú lè yá a kà láti ilé. Ó dábàá ní 2008 pé kí òǹkàwé san owó kékeré, tó tó owó ọkọ̀ tí ì bá fi lọ sí ilé ìkówèésí, kí owó náà sì lọ sọ́wọ́ òǹkọ̀wé àti atẹ̀wétà. Inú àwọn atẹ̀wétà kò dùn sí i. Bí ìjọba bá ń yá gbogbo ayé ní ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò tún rà á? Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé oúnjẹ àwọn ọmọ wọn ló wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ni oko ṣe ní ẹ̀tọ́, ẹni tí ebi ń pa náà ní ẹ̀tọ́.

Kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣe ní 2009, kí ilé ìkówèésí náà lè ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà kí ó má baà bàjẹ́, ìjọba sì gbé owó tó lé ní bílíọ̀nù 12 yen kalẹ̀ fún un. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 2012. Ní 2014, àwọn ilé ìkówèésí káàkiri orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ìwé tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni Nagao kú, ẹni ọdún 84. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé ìkówèésí náà ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan láti máa kà nínú ilé rẹ̀. Ọdún kan péré ló fi ṣáájú rẹ̀ lọ.

Àbá rẹ̀ ti 1981 náà ti rí àpótí tó gbà á. Àwọn ẹ̀rọ ìtumọ̀ òde òní kì í dúró de òfin gírámà, àpẹẹrẹ tí ènìyàn ti túmọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n ìṣirò inú wọn ti kọjá ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ gígé ọ̀rọ̀ bí ọmọ. Matsumoto kúrò ní Kyoto lọ kọ́ àwọn mìíràn ní Nara. Ọ̀kan lára wọn, Taku Kudo, wà lára àwọn tó gbé SentencePiece jáde ní 2018, irinṣẹ́ tó ń gé gbólóhùn èdè yòówù láìbìkítà bóyá àlàfo wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Google gbé mT5 jáde ní 2020, ẹ̀rọ tó kọ́ èdè 101, SentencePiece ni wọ́n fi gé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá wà lára èdè 101 náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Kyoto ti kan ẹni tó ń ka èdè Yorùbá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Púpọ̀ nínú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn, òmíràn kò tilẹ̀ ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú ìlànà Unicode: a gbọ́dọ̀ to lẹ́tà àti àmì pọ̀, ẹnì kan sì lè tò ó lọ́nà tí ẹnìkejì kò gbà tò ó. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni “igba” tí kò ní àmì yóò máa dúró síbẹ̀ bí àkọlé ẹnu ọ̀nà tí kò sọ bóyá bàtà ni kí á bọ́ tàbí aṣọ.

Jàpáànì kò dúró kí àjèjì wá bá a ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ̀rọ lè kà. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó ti 40,000 gbólóhùn inú ìwé ìròyìn, wọ́n tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi irinṣẹ́ gígé ọ̀rọ̀ wọn ta ayé lọ́rẹ. Yorùbá ní ìwé ìròyìn, ó ní àwọn olùkọ́ èdè, ó sì ní ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá jókòó fi àmì ohùn sí dáadáa lálẹ́ òní ti wọ inú iṣẹ́ náà.